Ọ̀ṣẹ́túrá bá èmi àti oníkọ̀ǹpútà kan wí

 

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá kan ni ọmọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá ní Ṣakí níbí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, kọ̀ǹpútà méjì, jẹnẹrétọ̀ kan. Wàá gbé fóònù tàbí mẹ́mórì káàdì rẹ lọ bá a, á kó orin àti fíìmù sí i fún ọ. N200 ló ń gbà tí kò bá pọ̀. Ẹni tó bá gbé Òkè-Ògùn mọ irú wọn dáadáa. Dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀, sinimá sì jìnnà sí wa. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé fíìmù dé abúlé.

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi Ifá. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Ìbàdàn pè mí ní olè lójú gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi." Ó sọ̀rọ̀ sí owó létí, ó gbé e kalẹ̀. Mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀ṣẹ́túrá ló yọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Odù yìí ti mọ ibi tí mò ń lọ. N ó sọ ọ́ ní ṣókí nítorí àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí Olódùmarè rán àwọn irúnmọlẹ̀ wá sílé ayé, ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin tó bá wọn wá. Àwọn ọkùnrin ń ṣèpàdé, wọ́n ń pa ẹran, wọ́n ń pín in, wọn kò pe Ọ̀ṣun sí i. Kò pẹ́ tí nǹkan dàrú. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá dáwọ́ lé, kò lójú. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ó sì bi wọ́n pé ẹnì kẹtàdínlógún yín ńkọ́? Wọ́n sáré lọ bẹ Ọ̀ṣun. Oyún tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà ló bí ní Ọ̀ṣẹ́túrá.

Tí Odù yìí bá yọ, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni a sábà máa ń tẹnu mọ́, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, àsè tí a kò pe ẹni tó dáná sí ni mo rí.

Mo bi í pé, "Ṣé o ní Ànìkúlápó níbẹ̀?" Ó ní, "Bàbá, ó tà gan-an." Ẹ wò ó. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí Igbójàyè, ní Òkè-Ògùn tiwa yìí. Ọdún 2022 ni Ànìkúlápó jáde lórí Netflix. Ẹni tó mọlé, ẹni tó ránṣọ, ẹni tó dáná, owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ. October 1 tó gbé jáde ní 2014, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ta ayédèrú rẹ̀ ní títì, ọkùnrin náà sì pariwo. Ta ló pè é síbi ẹran tí wọ́n ń pín?

Òfin ìlú náà wà ńlẹ̀. Copyright Act ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, sọ pé ìwé jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, fíìmù sì jẹ́ ti olówó rẹ̀ fún 50 ọdún lẹ́yìn tó bá jáde. Kí ènìyàn mú díẹ̀ fi kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé rẹ̀, òfin gbà á láyè. Ẹni tó bá ń dà á kọ tà, owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n ni. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ, bó o ṣe ń ṣe é yìí, Ifá kò bá ọ lọ́wọ́ sí i.

Ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá yọ fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn mi jáde. Ìyẹ̀rẹ̀ tí mo sun lọ́jọ́ ọdún Ifá ni, ẹnì kan ló gbà á sílẹ̀. Kò sí orúkọ mi lórí rẹ̀. Èmi gan-an ti di fíìmù N200!

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo ti la ẹnu láti gbé e ṣépè kí n tó rántí ohun tó wà lórí fóònù tèmi. Ìwé Ifá kan ni, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ, tí wọ́n yà ní fọ́tò látòkè délẹ̀. Awo kan ní Ìsẹ́yìn ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èmi náà sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ awo mi. N kò fi kọ́bọ̀ ra ìwé yẹn rí. Kò sẹ́ni tó pè mí ní olè, bàbá ni wọ́n ń pè mí.

Àwọn awo kan á ní Ifá kì í ṣe ti ẹnì kan, kí ni a fẹ́ sanwó rẹ̀ fún? Òótọ́ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ni ẹsẹ Ifá. Ṣùgbọ́n ẹni tó rìn láti ọ̀dọ̀ awo dé ọ̀dọ̀ awo, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó tò ó, iṣẹ́ ni ìyẹn. Ìgbà wo gan-an ni Ifá jẹ́ ọ̀fẹ́? A roko fún olúwo wa lọ́pọ̀ ọdún kí a tó mọ ohun tí a mọ̀. Ẹsẹ Ifá gan-an, orúkọ awo tó dá a ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa kò dá Ifá fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n fi orúkọ awo pamọ́. Òfin yìí náà sọ pé tí ènìyàn bá tẹ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde, kó dárúkọ ibi tó ti wá. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó tún ní àjọ Nigerian Copyright Commission ni yóò fún ẹni tó fẹ́ fi ṣòwò láṣẹ. Ìyẹn ni n kò gbà tán: ta ló fi Abùjá jẹ olúwo?

Mo ní kó rúbọ, kó gbé oyin fún Ọ̀ṣun, kó sì pa fíìmù àwọn ẹlòmíràn rẹ́. Ó ní, "Bàbá, ebi ńkọ́?" N kò rí èsì tó dáa fún un. Mo ní kó máa tún fóònù ṣe, kó lọ bá àwọn olórin àdúgbò wa, kí wọ́n jọ pín owó. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ lára mi: kó fi orúkọ mi àti ìlú mi sí ìbẹ̀rẹ̀ ìyẹ̀rẹ̀ yẹn, kó máa tà á, kó mú ìdajì wá lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀.

Èmi náà pa ìwé yẹn rẹ́, mo ní kí àwọn ọmọ awo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kùn. A dáwó jọ, ẹnì kan yóò ra ẹyọ kan bọ̀ láti Ìbàdàn, inú ilé mi ni yóò máa gbé, ẹni tó bá fẹ́ kà á á wá jókòó.

Lọ́sẹ̀ yìí ọmọ náà mú N400 wá. Mẹ́rin ló tà. Ó ní ènìyàn tó lé ní ogún ló wá béèrè fíìmù lọ́wọ́ òun, wọ́n sì bínú kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.