Kí Ni Owó Háyà Rà?

Ọ̀rẹ́ mi kan dé láti Geneva, ìlú tí ó wà ní etí adágún omi ńlá kan ní ilẹ̀ Switzerland. Ó ní òun háyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, òun fi í yí ìlú náà po, òun sì gun àwọn òkè tí yìnyín bo orí wọn. Ó ròyìn títí ó fi wù mí. Mo wá rò ó pé, èmi tí mo ń gbé Ẹnuwá, ní ojúde Ọọ̀ni, kí ni ó dé tí n kò fi lè lọ wo omi àti òkè ilẹ̀ tiwa? Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo háyà ọkọ̀ àti awakọ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. A kọ́kọ́ wo omi Ọ̀pá tí a sé sínú ọgbà Yunifásítì, lẹ́yìn náà ni a dojú kọ ọ̀nà Iléṣà.

Nígbà tí a dé Òṣú, awakọ̀ dẹ eré sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ìyá mi ń bẹ ní ìlú yìí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti rí wọn. Ẹ jẹ́ kí n yà kí wọn, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ." Mo wo aago ọwọ́ mi, mo ní, "Ó di ìgbà tí a bá ń bọ̀."

A kọjá Iléṣà, a yà kúrò ní ọ̀nà Àkúrẹ́, a sì dé Èrìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀ mọ̀ pé omi Olúmirin kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu ròyìn tán. Ìpele méje ni ó fi ń já bọ́ láti orí òkè, bí a sì ti ń gùn ún ni ọ̀nà ń le sí i. Ìtàn sọ pé Akínlà, obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ni ó ṣe aṣáájú àwọn tí ó ti Ifẹ̀ wá tẹ Èrìn dó, tí wọ́n fi rí omi náà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ọ̀nà tí èmi jókòó gbà. Inú mi dùn, mo sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó padà dé Òṣú. Awakọ̀ rọra dẹ eré sílẹ̀, ó wo ojú mi nínú dígí. Mo rí i. Mo di ojú mi, mo ṣe bí ẹni tí ó sùn. Ó sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó sùn ni a lè jí, a kì í jí apirọrọ. Nígbà tí a dé Ẹnuwá, mo san owó rẹ̀, mo sì fi díẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá." Ọpẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn ní òru ọjọ́ náà.

Kí ni owó mi rà gan-an? Ẹnìkan lè wí pé, bí awakọ̀ bá ń yà kí gbogbo ìbátan rẹ̀ lójú ọ̀nà, nígbà wo ni èrò yóò dé ibi tí ó ń lọ? Òtítọ́ ni. Bí ó bá ti yà láìbi mí, ó jí nínú ọjọ́ tí mo sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bèèrè.

Ẹlòmíràn yóò rán wa létí pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ta ni ó ta awakọ̀ fún mi? Nínú àṣà wa, ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ni ó sún mọ́ èyí jù. Ẹni tí ó yá owó a máa sin olówó, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni ó dúró fún èlé, títí yóò fi san gbèsè náà tán. Síbẹ̀, Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ipò àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ láwùjọ kò yẹ̀. Bí àwọn baba wa bá mọ ìyàtọ̀ yìí nípa ẹni tí ó jẹ gbèsè, báwo ni èmi tí mo kàwé kò ṣe mọ̀ ọ́n nípa ẹni tí kò jẹ mí ní kọ́bọ̀?

Èrò tèmi ni pé ọkọ̀ ni a ń háyà, àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ń wà á. Mọ́tò kì í bẹ̀bẹ̀. Epo àti omi ni ó ń fẹ́. Nígbà tí awakọ̀ la ẹnu bẹ̀ mí ni ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ọmọ ẹnìkan ni ó jókòó níwájú mi. Kíkọ̀ tí mo kọ̀ ní òwúrọ̀ ṣì ní àwíjàre, nítorí ọ̀nà jìn. Oorun alẹ́ kò ní, nítorí mo ti ṣe ìlérí. Mo fi ọ̀pọ̀ wákàtí wo omi tí yóò máa ṣàn lọ́la àti lọ́túnla, mo sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá du ọmọ lọ́dọ̀ ìyá tí ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá háyà ọkọ̀ lọ wo òkè àti omi, ẹ wo ẹni tí ń wà yín pẹ̀lú. Ní tèmi, mo ti ránṣẹ́ sí awakọ̀ náà. Ní Sátidé tí ń bọ̀, Òṣú ni a ń lọ. Iye tí mo san ní ìjelòó ni n ó tún san, èmi ni n ó sì jókòó dè é nínú ọkọ̀. Bóyá èyí tó láti san gbèsè náà, ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi dá a.