TA NI JÒHÁNÙ FÚN ÌYÁ RẸ?

Ẹ ka Jòhánù 19:25-27

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wá: bí ọmọ bá ń fi owó ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ lóṣooṣù, ṣé ó ti bọ̀wọ̀ fún un bí Ọlọ́run ṣe pa á láṣẹ? Nígbà tí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ń gbé inú agboolé kan, kò sí ẹni tí ń béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wọn kò sọ bí yóò ṣe mu ún nígbà tí òkété bá wà ní Ìkòròdú, tí ọmọ sì wà ní Manchester.

Ní Jàpáànù, nǹkan bí ènìyàn 29 nínú 100 ló ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìlú Ọba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Wọn kò bímọ púpọ̀ mọ́, àwọn àgbà wọn sì ń pẹ́ láyé, nítorí náà ọwọ́ tí yóò wẹ arúgbó, tí yóò gbé e dìde lórí ibùsùn, kò tó wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba Ìlú Ọba ṣí ilẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó láti òkè òkun, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó pọ̀ jù lọ tó gbabẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin náà rí i nínú ìjọ: akọrin lọ, tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lọ, nọ́ọ̀sì lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n ní olùtọ́jú kò lè mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ wá mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá láti òkè òkun. Àwọn tó ti lọ ti lọ ná.

Orílẹ̀-èdè tiwa kì í ṣe orílẹ̀-èdè arúgbó. Ìdajì wa ni kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Àwọn tó ti pé 60 kò ju nǹkan bí márùn-ún nínú 100 lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìṣirò yìí lè sọ pé kí ló kàn wá. Ohun tó kàn wá ni pé ọjọ́ ogbó àwọn ẹlòmíràn ti wá kó ọwọ́ tó yẹ kó tọ́jú ọjọ́ ogbó tiwa lọ. Ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́ ń wẹ ìyá oníyàá ní Leeds, a sì gba ọmọ ọlọ́mọ síṣẹ́ láti wẹ ìyá tirẹ̀ nílé. Èmi kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Owó tó ń rí níbẹ̀ ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá náà.

Kì í sì ṣe òní ni ọmọ ti ń tẹ̀lé iṣẹ́ kúrò nílé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Ìtóìkin lọ sí Ẹ̀pẹ́ ti gbọ́ ìtàn Ejìnrìn, ọjà ńlá etí ọ̀sà láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù. Nígbà tí mọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, òwò ṣí lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì tẹ̀lé òwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sí Èkó nígbà náà, bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é pé ìyá rẹ̀ ṣubú, ó lè tètè dé. Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba yóò tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́, yóò wá owó tíkẹ́ẹ̀tì, kó tó rántí àtiwọ bàálù.

Kí ló dé tó jẹ́ ọrùn ọmọ nìkan ni gbogbo ẹrù náà wà? Èmi tí mo ka ìṣirò owó ní pólì, mo ti jókòó ro ó. Òfin pẹ́ńṣàn wà láti ọdún 2004; bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2014, agbanisíṣẹ́ ń dá 10 nínú 100 owó oṣù, òṣìṣẹ́ ń dá 8. Ó dára fún ẹni tó ní ọ̀gá. Ìyá tó ti ń yan ẹja tà ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀, ta ni ọ̀gá rẹ̀? Ní 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò pẹ́ńṣàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké jáde, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá a ní àádọ́rin ọdún kò sì lè rí púpọ̀ kó jọ. Ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣooṣù ní 2011. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dúró. Ọmọ ni pẹ́ńṣàn wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí a máa sọ̀rọ̀ àgbà bí ẹni pé ẹrù lásán ni wọ́n. Ní Ìkòròdú níbí, ilẹ̀ kì í mọ́ kí bàbá àti ìyá tó tò sórí ìlà BRT, tí wọ́n ń lọ sí Èkó. Ta ló ń wẹ ọmọ tó kù nílé? Ta ló ń mú un lọ sílé-ìwé, tó ń dúró dè é lọ́sàn-án? Màmá àgbà ni. Bí a bá ní ká san owó iṣẹ́ yẹn fún un, ọ̀pọ̀ ìdílé ni yóò jẹ gbèsè.

Ìyá kan wà tí mo máa ń lọ bẹ̀ wò, tí ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lókè òkun. Fìríìjì rẹ̀ kún, oògùn rẹ̀ pé, fóònù rẹ̀ sàn ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú nínú balùwẹ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, ilẹ̀ ibẹ̀ ni ìyá náà wà títí àwọn ará ilé kejì fi já ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, “Pásítọ̀, owó wọn ń bá mi. Àwọn fúnra wọn ni kò bá mi.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú.

Ẹ wá wo ohun tí Olúwa wa ṣe lórí igi àgbélébùú. Ó ń kúrò láyé, kò lè dúró ti ìyá rẹ̀ mọ́, àwáwí rẹ̀ sì ju ti físà lọ. Ó ní àwọn arákùnrin. Ó ní ọmọ-ẹ̀yìn púpọ̀. Síbẹ̀ kò fi màmá sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹnì kan ló fi lé lọ́wọ́, lójú màmá náà, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ. Jòhánù kò ṣe ìlérí pé òun yóò máa yọjú. Láti wákàtí náà ló ti mú un lọ sí ilé rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó rìnrìn àjò kò ṣe nìyí. Wọ́n fi owó sílẹ̀, wọ́n ní ìjọ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìjọ kò lè mọ̀ bí màmá bá ṣubú ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹnì kan tí a dárúkọ ló lè mọ̀.

Àwa tí a kù nílé náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Jésù bá àwọn Farisí wí nítorí Kọ́bánì, ẹ̀bùn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run tí bàbá àti ìyá fi wà nínú àìní. Mo mọ̀ pé òrùlé ìjọ tiwa kò tíì parí, síbẹ̀ èmi kò fẹ́ owó pákó tó bá jẹ́ owó oúnjẹ bàbá ẹnikẹ́ni. Pọ́ọ̀lù sì kọ́ Tímótì pé kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ kọ́kọ́ ṣe tiwọn, kí ìjọ wá gbé ẹrù àwọn opó tí kò ní ẹnikẹ́ni, àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún, tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìjọ ìgbà náà ní ìwé orúkọ. Àwa ní ìwé orúkọ àlejò, a ní ti akọrin, a ní ti àwọn tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ owó.

Nítorí náà, kí a tó gbàdúrà ní òwúrọ̀ yìí, kí olúkúlùkù dárúkọ àgbà kan ní àdúgbò rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ kò sí nítòsí, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí a kọ orúkọ ẹni tí yóò máa wọlé lọ wò ó láàárọ̀, tí kọ́kọ́rọ́ kejì yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ pè é lónìí, kí ẹ bi í ta ni Jòhánù yín.

Àdúrà: Bàbá, fún àwọn àgbà tí a dárúkọ yìí ní ẹni tí yóò gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ké, ní orúkọ Jésù. Àmín.