Bí Onígbá Bá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ó bá a pè é. Bí ó bá pè é ní àfọ́kù, ará ìta yóò gbà á fi kó ilẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ tí a kì í sábà dúró rò: orúkọ wo gan-an ni ó tọ́ kí onígbá pe igbá rẹ̀? Bí ó bá pè é ní àfọ́kù, ó ti bà á jẹ́. Bí ó bá sì pè é ní àwo wúrà, irọ́ ni ó pa, ojú yóò sì tì í ní ọjọ́ tí ó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà. Ọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ̀ tí ènìyàn ní fún ara rẹ̀ ni a fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò.

Ìlú Zaria tí a ń gbé yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bí a ti ń to ẹrù sórí àtẹ ni a to ènìyàn síbẹ̀. Àwọn onílẹ̀ wà nínú Birni. Àwọn ará Àríwá tí wọ́n ṣí wá láti ibòmíràn wà ní Tudun Wada. Àwọn baba wa tí wọ́n bá rélùwéè àti òwò wá láti Gúúsù wà ní Sabon Gari. Àwọn Òyìnbó aláṣẹ sì wà ní GRA, nínú ilé tí ọgbà rẹ̀ gbòòrò. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè iye tí ìjọba kà á sí. Àdúgbò rẹ̀ ti sọ fún un. Òmìnira dé ní 1960, àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ ilé GRA, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó bá òṣùwọ̀n àwọn Òyìnbó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ó sì gbé e kọ́rùn. Títí di òní, a ṣì ń fi àdúgbò, ipò iṣẹ́ àti mọ́tò wọn ara wa.

Ewu òṣùwọ̀n yìí ni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fi ipò ṣe iyì kò ní lè sùn bí ìgbéga bá fò ó; ọjọ́ tí ó bá sì fẹ̀yìntì, tí ó dá kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọba padà, yóò dà bí ẹni pé ó dá ara rẹ̀ padà pẹ̀lú rẹ̀. Oníṣòwò tí ó fi ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù ṣe iyì a máa sá fún ẹgbẹ́ nígbà tí ọjà bá kùtà. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń jágbe mọ́ ìránṣẹ́, tí a kì í sì í lè bá wí, nítorí afẹ́fẹ́ kékeré tó láti bi ilé tí kò ní ìpìlẹ̀ wó. Ọmọ ìyá kan náà ni ìgbéraga àti ìtijú ara ẹni.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ti fi ọ̀nà mìíràn hàn ní ìlú yìí kan náà. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Nigerian College of Arts, Science and Technology, èyí tí ó di Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí Zaria Art Society. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo ọmọ Èkó wà nínú wọn. Ìlànà Òyìnbó ni a fi ń kọ́ wọn, bí ẹni pé àwọn baba wọn kò gbẹ́ igi, tí wọn kò sì rọ idẹ rí. Ìbá rọrùn fún wọn láti gba àfọ́kù ní orúkọ. Ìbá sì rọrùn láti fi ìbínú da ẹ̀kọ́ náà nù. Wọn kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n kọ́ ohun tí ó dára nínú iṣẹ́ Òyìnbó, wọ́n sì padà lọ bi ìlú tiwọn léèrè. Okeke kọ́ ọnà uli tí àwọn obìnrin Ìgbò ń yà sí ara àti ògiri. Onobrakpeya wọ inú ìtàn àti àlọ́ àwọn Urhobo. Grillo fi àwọ̀ búlúù tí ó rán wa létí aró ya àwọn ènìyàn wa nínú aṣọ ìbílẹ̀. Grillo yìí kan náà ni ó fi dígí aláwọ̀, iṣẹ́ tí ó ti Yúróòpù wá, ṣe fèrèsé sí ilé ìjọsìn. Ẹni tí ó mọ iye ara rẹ̀ kì í bẹ̀rù láti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Inú wa a máa bàjẹ́ bí a bá gbọ́ pé wọ́n fi orúkọ ẹ̀gàn pe àwa àlejò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku àwa nìkan, báwo ni a ṣe ń pe Gàm̀bàrí? Ṣé a kì í sọ ọ́ nígbà mìíràn bí ẹni ń bú ènìyàn, àní sí ọmọ wa tí kò mọ̀wé? Bí iyì wa bá ń fẹ́ ẹni tí yóò fi ṣe àpótí ìtìsẹ̀, iyì náà kò tíì lè dá dúró. Òfin tí ó ní kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì, ìfẹ́ tí a ní sí ara wa ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí òṣùwọ̀n náà bá kéré, ohun tí aládùúgbò yóò rí gbà lọ́wọ́ wa yóò kéré.

Ẹnìkan lè wí pé aláìní kò níyì láwùjọ, kí a wá owó ná. Òtítọ́ ni pé òṣì ń dójú ti ènìyàn, a kò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n owó a máa fi kún iyì tí ó ti wà nílẹ̀. Ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀ kì í rí i rà lọ́jà.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ ọ nígbà náà? Kí a má sẹ́ ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe, kí a sì béèrè ohun tí a kò mọ̀. Kí a ṣe iṣẹ́ wa dáadáa níbi tí ojú ọ̀gá kò tó: fáìlì tí akọ̀wé tọ́jú sí àyè rẹ̀, kóńgò tí oníṣòwò kò tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tí ó ṣe èyí ní ẹlẹ́rìí nínú ara rẹ̀. Kí a yé pe ọmọ tí ó gbé ipò ìkẹyìn ní olódo. Ẹ bá iṣẹ́ rẹ̀ wí, ẹ má ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Kí ó gbọ́ Yorùbá nílé, Hausa lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, kí ó má sì tijú ọ̀kankan nínú wọn.

Igbá kì í ṣe àfọ́kù, kì í sì í ṣe wúrà. Igbá ni, òun ni a fi ń bu omi fún àlejò. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní orúkọ rẹ̀, kí a sì máa fọ̀ ọ́ mọ́.