Ajá tí a gbé wọ ọkọ̀, ọwọ́ ta ni ẹ̀mí rẹ̀ wà?

Ẹ̀yin ará wa, ní ilẹ̀ Kétu níhìn-ín, ajá kò jìnnà sí wa. Ọdẹ ń mú un lọ sí igbó. Onílé fi í ṣọ́ ilé. Àwọn tó ń bọ Ògún náà ń rà á. Nígbà àtijọ́, ẹsẹ̀ ni ajá fi ń tẹ̀lé olówó rẹ̀. Lónìí, a ń gbé e sórí alùpùpù. A ń gbé e wọ takisí láti Kétu lọ sí Pọ̀bẹ̀, tàbí títí dé Kùtọnu, tó ju kìlómítà 100 lọ. Ẹlòmíràn á so ó mọ́ ẹrù lórí ọkọ̀. Ẹlòmíràn á há a mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí a ń kó ẹrù sí.

Bí a bá bi í, á ní: "Ajá mi ni. Owó mi ni mo fi rà á." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá jẹ́ tiwa, ṣé a lè ṣe é bó ṣe wù wá?

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Nílé, bí oòrùn bá mú, ajá á lọ sábẹ́ igi. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, á wá omi. Bí ewu bá dé, á sá. Lọ́jọ́ tí a so ó, tí a gbé e wọ ọkọ̀, a ti gba gbogbo èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti jẹ gbèsè.

Ara ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ó ń yọ ahọ́n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí ara rẹ̀ lè tutù. Ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ nínú oòrùn ń gbóná kíákíá, ajá sì lè kú síbẹ̀ kí olówó rẹ̀ tó jẹun tán. Bí a bá so ó lọ́rùn lórí ọkọ̀, tó bá fò, okùn á fún un lọ́rùn pa. Bí a kò bá sì so ó rárá nínú ọkọ̀, ó lè bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Nígbà náà, ẹ̀mí èèyàn ti wọ inú ewu.

Àwọn kan á ní: "Àwa èèyàn gan-an, wọ́n ń fún wa pọ̀ nínú takisí. Kí ni ti ajá?" Ìyà ń jẹ èèyàn lójú ọ̀nà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn ló yan ìrìn àjò rẹ̀, ó sì lè pariwo pé kí awakọ̀ dúró. Ajá kò yan nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ńkọ́? Ajá ló ń ké, ọdẹ ni kò gbọ́.

Ẹlòmíràn á ní: "Ògún ni mò ń mú un lọ fún. Kíkú ló máa kú." Ikú yàtọ̀ sí ìyà. Ẹran tó máa kú lọ́la, òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́ lónìí.

Kí ni ká ṣe? Ká fi ajá sínú agbọ̀n tàbí àpótí tí atẹ́gùn ń wọ̀, tó lè dìde kó sì yí padà nínú rẹ̀. Ká di àpótí náà mú ṣinṣin. Ká má di ẹnu ajá pa, torí ẹnu ló fi ń tu ara. Ká dúró lójú ọ̀nà, ká fún un lómi. Ká má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì.

Kó tó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú èèyàn, kó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, torí ajá tí ẹ̀rù ń bà lè géni jẹ. Bó bá géni jẹ, ká fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, ká sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Agbọ̀n kan àti igbá omi kan kò ju agbára wa lọ. Kí a tó ta okùn mọ́ ajá lọ́rùn, kí kálukú bi ara rẹ̀: ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, kí ni mo fi dípò?