Ohun Tó Wọ Inú Irin

  Ibi kíkà wa ni Hébérù 12:15, nípa gbòǹgbò ìkorò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kí ẹ kà á ná.

Ní oṣù kẹta ọdún 2013, wọ́n ń parí apá tuntun afárá Bay Bridge, láàárín San Francisco àti Oakland ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pá irin 96 wà ní ẹsẹ̀ kan afárá náà, ìnṣì 3 ni ìnípọn wọn. Wọ́n fún wọn pinpin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, 32 ti kán! Mọ́tò kankan ò tíì gba orí ẹ̀ kọjá o.

Irin yẹpẹrẹ kọ́. Irin líle ni, wọ́n sì ti fi síńkì bò ó kó má baà dípẹtà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, háídírójìn ló wọ inú ẹ̀. Kò sí átọ́ọ̀mù tó fúyẹ́ tó ti háídírójìn, inú omi pàápàá ló wà. Ó máa ń yọ́ wọ àárín irin, irin náà á sì di gbígan, á máa kán bí àwo. Láti 2008 làwọn ọ̀pá yẹn ti wà nínú ihò wọn, omi sì ń dúró síbẹ̀. Lójú, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ọjọ́ tí ẹrù dé la mọ̀.

Ọ̀nà míì tó máa ń gbà wọlé rèé: tí wọ́n bá fi ásíìdì fọ irin kí wọ́n tó kùn ún. Ìwẹ̀nùmọ́ náà gan-an ni o! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mélòó nínú wa ló jẹ́ pé inú ìjọ la ti gba ọgbẹ́ tó wà lọ́kàn wa?

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé bí irin bá ṣe le tó ni háídírójìn ṣe ń tètè bà á jẹ́. Irin rírọ̀ máa ń fara dà á díẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin alágbára ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí: ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọ, ẹ̀yin àkọ́bí tí gbogbo ẹbí gbára lé. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kò dùn yín. Ṣé lóòótọ́ ni kò dùn yín?

Àtúnṣe wà. Wọ́n máa ń gbé irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sínú ààrò, ní nǹkan bíi 200°C, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí háídírójìn lè jáde. Àmọ́ wọn kì í fi falẹ̀, torí bí irin bá ti lanu, ooru ò lè pa á dé mọ́. Ní ti afárá yẹn, wọn ò ráyè pààrọ̀ àwọn ọ̀pá náà. Irin míì ni wọ́n ní láti ṣe kó bá wọn gbé ẹrù.

Ẹni tí ẹ kì í fẹ́ gbé ìpè rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ fúnra yín ẹ pè é lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àdúrà: Olúwa, wo inú mi bí o ti wo inú Dáfídì. Ohun tí mo fi ẹ̀rín bò, fi iná Rẹ lé e jáde. Ní orúkọ Jésù. Àmín.