Ta Ni Yóò Gbé Ṣọ́bìrì?

Ẹ ka ìwé Nehemáyà orí kẹta. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fò ó, nítorí orúkọ ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó mọ odi náà: alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni tó ń po òróró olóòórùn dídùn, àti Ṣálúmù pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Àwọn ọlọ́lá Tẹkóà kò fi ọrùn sí iṣẹ́ náà (ẹsẹ 5). Mẹ̀kúnnù ìlú wọn ló mọ tiwọn tán, tí wọ́n tún mọ apá mìíràn (ẹsẹ 27).

Ní Lọ́kọ́ja wa yìí, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, omíyalé wọ ilé àwọn èèyàn ní 2012, ó tún padà wá ní 2022, tó fi dí ọ̀nà Abùjá. Nígbà tí omi bá wà nílẹ̀, búrẹ́dì àti aṣọ kì í wọ́n, fọ́tò kì í sì í wọ́n. Ìgbà tí omi bá fà tán ni ògiri alámọ̀ ń wó, tí ẹrẹ̀ kún yàrá opó, tí oníkámẹ́rà sì ti lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ kó ẹrẹ̀ jáde, ẹ ru búlọ́ọ̀kù, ẹ pọnmi fún bíríkìlà. Ẹ má bi onílé bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Ibi tó fẹ́ kí ògiri rẹ̀ wà ni kí ẹ bi í (àwọn olùrànlọ́wọ́ mìíràn a máa pàṣẹ fún onílé!). Kí ìpìlẹ̀ sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí omi ti mọ ọ̀nà ilé náà.

Bí Sátidé yín bá ṣófo, ẹ mú bàtà òjò àti ṣọ́bìrì dání. Bíbélì kékeré lè wà nínú àpò.