Bí Ojú Bá Rí Tán, Kí Ni Ọwọ́ Ṣe?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni àwọn kan fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń rán ẹ̀rọ lọ sí ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀run. Wọ́n ní, kí ni a fẹ́ fi Júpítà ṣe, nígbà tí òkun ń gbé ilé lọ ní Ayétòrò? Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò fara mọ́ ọn tán. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní 1989 ni Amẹ́ríkà rán ẹ̀rọ Galileo, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, lọ sí Júpítà, èyí tí ó tóbi jù nínú gbogbo ayé tí ń yí oòrùn wa ká. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kí ó wo afẹ́fẹ́ Júpítà, agbára òòfà rẹ̀, àti àwọn òṣùpá rẹ̀. Ó dé ibẹ̀ ní 1995. Ohun tí ó rí fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí òkun wà lábẹ́ omi dídì tí ó bo òṣùpá Europa. Níbi tí omi bá sì wà, ẹ̀mí lè wà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí epo ẹ̀rọ náà ń tán lọ, wọ́n darí rẹ̀ wọ inú Júpítà ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2003, ó sì parun, kí ó má baà já lu Europa, kí ó sì kó kòkòrò ayé wa bá a.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn èyí ni Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, ránṣẹ́ sójú ọ̀run, kí ó máa ya àwòrán ilẹ̀, kí a lè tètè mọ ibi tí àjálù wà.

Ará Europa wo ni ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tí ó ni Galileo? Kò sí. “Bóyá” lásán ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pa ohun ìní wọn run. Ṣùgbọ́n ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó sí etí òkun Ìlàjẹ ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà kan rí, tí wọ́n sì jọ ń náwó láti inú àpò kan nígbà náà, kò sí “bóyá” níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀, wọ́n ń ké, ilé wọn sì ń wọ omi.

Ní tèmi, jíjìnnà ibi tí a ń wò kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí Galileo kò bá tilẹ̀ lọ, ìyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni mọ odi fún Ayétòrò. Ohun tí ènìyàn ṣe tán láti pàdánù nítorí ohun tí ó rí ni a fi ń díwọ̀n ìmọ̀ rẹ̀. Àwa tí a ń kàwé, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: nínú gbogbo ohun tí a ti mọ̀, èwo ni a ti tìtorí rẹ̀ ná nǹkan kan?